Ìjiyàn Òṣèlú Ní Àdúgbò Wa

Ìbéèrè: Àwọn kan ní kí a fòfin de ọ̀rọ̀ òṣèlú ní ibikíbi tí àwọn ènìyàn bá ti péjọ. Kí ni èrò rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá dúró ní ìdí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní Ìyànà Ìbà ní òwúrọ̀. Àwọn tí ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ máa ń pọ̀ ju àwọn tí ń ra ìwé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀, oníṣòwò Alábà wà níbẹ̀, awakọ̀ Òkòkòmàíkò náà sì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ojú á yí padà, ohùn á ga, èébú á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí èrò rẹ̀ kò bá bá ti àwọn tí ó pọ̀ jù mu á rọra bá tirẹ̀ lọ. Bákan náà ni ó rí ní ìpàdé àwọn onílé àti nínú ẹgbẹ́ tí à ń dá sílẹ̀ lórí fóònù. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń wí pé kí a fòfin de ọ̀rọ̀ òṣèlú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ní èrò tèmi, ìjiyàn kọ́ ni àrùn náà, àìfẹ́ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn ni.

Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a wo irú àdúgbò tí à ń gbé. Àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀gùn, Íbò, Haúsá àti Yorùbá láti ìlú mìíràn ń bá wọn gbé. Ọjà Alábà tí a ti ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti rédíò ń pe èrò láti ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún 1983 tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ láti ibi gbogbo ti ń wá síbẹ̀ kàwé. Kò lè ṣeé ṣe kí gbogbo àwọn wọ̀nyí ní èrò kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí a bá rí ìpàdé tí gbogbo ẹnu ti ń sọ ohun kan náà, kí a má ṣe pè é ní ìṣọ̀kan. Àwọn kan ti dákẹ́ níbẹ̀ ni.

Lọ́nà kejì, ẹni tí kì í gbọ́ ju ohùn ara rẹ̀ lọ kì í mọ ìlú tí ó ń gbé. Ní 25 oṣù kejì ọdún 2023, ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìdìbò ààrẹ, APC sì ní 572,606. Ìyàtọ̀ wọn kò tó 10,000. Ẹnu ya àwọn tí wọ́n ti ń sọ láàárín ara wọn pé kò sí ẹni tí ó lè borí APC ní Èkó. Ní 18 oṣù kẹta, a dìbò gómìnà. Babájídé Sanwó-Olú ti APC ní 762,134, Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour ti Labour sì ní 312,329. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí wọ́n ti ń sọ pé Èkó ti bọ́ sí àwọn lọ́wọ́ ni ẹnu yà. Láàárín ìdìbò méjèèjì, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹni tí ó lè ṣe ìjọba, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ìròyìn fi hàn pé ní ọjọ́ ìdìbò gómìnà, àwọn jàǹdùkú lé àwọn tí wọ́n pè ní Íbò kúrò ní ibùdó ìdìbò ní àwọn apá ibì kan ní Èkó. Èyí kò jẹ́ kí a mọ iye tí ìbò ìbá jẹ́ gan-an. Orúkọ tí ó lé ní mílíọ̀nù méje ni ó wà nínú ìwé olùdìbò Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbò tí a kà fún ààrẹ kò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀. Àwọn tí ó dákẹ́ pọ̀ ju àwọn tí ń pariwo lọ.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1962, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá pínyà nínú ẹgbẹ́ Action Group, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ń gbè é lẹ́yìn. Daily Sketch, tí ìjọba Akíntọ́lá dá sílẹ̀ ní 1964, ń gbe ìjọba náà lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan ṣoṣo kò lè mọ tẹnu èkejì. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá 1965, wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, wọ́n ń dáná sun wọ́n. "Wẹ́tiẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kìíní 1966, àwọn ológun gba ìjọba, ó sì di 1979 kí ó tó padà sọ́wọ́ alágbádá. Àti ẹni tí ó yọ̀, àti ẹni tí ó sunkún, kò sí èyí tí ó rí ìbò dì mọ́.

Lóòótọ́, àwọn tí ń fẹ́ òfin náà ní ìdí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kò ṣé kó. Ìjiyàn kan lè tú ọ̀rẹ́ ogún ọdún ká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a lé kúrò ní gbangba kì í kú. Yàrá ni yóò wọ̀ lọ, níbi tí kò ti ní sí ẹni tí yóò ta kò ó. Yàtọ̀ sí èyí, òṣèlú ni ọ̀rọ̀ ojú pópó wa. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Marina bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, Mile 2 ni ó ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ sì ni Òkòkòmàíkò ni wọ́n ní yóò dé. Àti ẹni tí ó dìbò fún APC, àti ẹni tí ó dìbò fún Labour, ìrìn kan náà ni wọ́n jọ ń rìn. Bí a bá fòfin de òṣèlú, ta ni yóò jọ béèrè rẹ̀?

Ohun tí ó yẹ ni pé kí a fi ìlànà sí ìjiyàn wa. Kí alága ìpàdé kọ́kọ́ fún àwọn tí kò pọ̀ láyè kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Kí ẹni tí ó mú ìròyìn wá sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Kí a ta ko ọ̀rọ̀, kí a má ṣe bú ẹ̀yà tàbí ìdílé ẹni tí ó sọ ọ́. Kí alága sì bá ẹni tí ó bá búni wí, pàápàá bí onítọ̀hún bá jẹ́ ẹni tirẹ̀.

Ní ìparí, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìbò á wá, ìbò á lọ, aládùúgbò ẹni ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ bí iná bá ń jó ilé ẹni. Ẹ jẹ́ kí á máa jiyàn, ṣùgbọ́n kí á máa gbọ́ ara wa.

Àkíyèsí fún olùdánwò: Wo bí àròkọ yìí ṣe gbà pé àwọn tí ó ń ta kò ní ìdí, kí ó tó dá wọn lóhùn. Má ṣe kọ ti ìhà kan ṣoṣo nínú irú ìbéèrè báyìí.