Ta Ni Yóò Ṣọ́ Omi Olúmirìn?

Omi là bù wẹ̀, omi là bù mu. Ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyí tí wọn kò fi fi orísun omi sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Níbi tí kò sí ọlọ́pàá tàbí aṣọ́gbó, èèwọ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ.

Àpẹẹrẹ kan ni omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìtàn kan sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó rí i nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣí bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Ìpele méje ni omi náà fi ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa rúbọ níbẹ̀, wọ́n sì gbà pé omi náà a máa wẹ ọkàn mọ́.

Lónìí, ọ̀nà ti là dé ìdí omi. Akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò ń wọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn kan ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìpele kìn-ín-ní, àwọn alágbára ń gun òkè lọ. Èrè wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí, ilẹ̀ a ṣí, òjò a sì gbá erùpẹ̀ sínú omi. Gbòǹgbò igi ni ó ń di ilẹ̀ òkè mú. Abẹ́ ibòji igbó ni òjò ti ń rọra wọ inú ilẹ̀, tí ó fi ń sun jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì wo odò Ọ̀ṣun. Ní 2005, àjọ UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ogún gbogbo ayé. Síbẹ̀, ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi odò náà, lẹ́yìn tí ìwakùsà góòlù ní apá òkè odò ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò kò lè mọ́ bí òkè rẹ̀ bá dọ̀tí.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a dí ọ̀nà Olúmirìn, tàbí kí a fi ipá mú onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí bọ omi. Ohun tí ó yẹ ni kí òfin gba iṣẹ́ tí èèwọ̀ ń ṣe: kí ọṣẹ àti ọ̀rá má ṣe wọ inú omi, kí a má ṣe gé igi òkè, kí ọmọ ìlú máa ṣamọ̀nà àlejò, kí apá kan owó àbáwọlé sì jẹ́ ti igbó. Kí àgbà sọ ìtàn èèwọ̀, kí olùkọ́ sì ṣàlàyé ọgbọ́n inú rẹ̀ fún ọmọ kí wọ́n tó gun òkè. Bí èèwọ̀ bá kú, tí òfin kò sì dìde, ẹ̀yìn ọ̀la ni òùngbẹ yóò gbẹ.