Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Pobè àti Sakété: ta ni yóò kọ́ ẹni tó ń kọ́ ọmọ wa?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká fi nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan kú lójú títì láàárín Sakété àti Pobè. Wọ́n tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ó tilẹ̀ ti parí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó ṣí ẹ́ńjìnnì, ó wò ó títí, ó ní: « Bàbá, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì eléyìí o. Àfi kí ẹ gbé e lọ sí Kútọnù. » Bàbá á bínú, á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ ná. Ta ló kọ́ ọmọ náà? Olùkọ́ tó kọ́ ọ ńkọ́, ìgbà wo lòun fúnra rẹ̀ kọ́ nǹkan tuntun kẹ́yìn? Tó bá jẹ́ pé láyé kábúrétọ̀ ló kúrò nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí kò sì sí ẹni tó pè é padà láti ìgbà náà, ibo ni yóò ti rí ohun tí yóò fún ọmọ? Ohun tí èèyàn ò ní, kò lè fi tọrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, torí ó kan gbogbo òbí tó ní ọmọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ẹkùn Plateau.

Ilé ń dìde, ẹ̀rọ ń bọ̀, olùkọ́ ńkọ́?

Ká sọ òótọ́, ìjọba ò káwọ́ gbera. Ètò ńlá kan wà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2020 sí 2030. Wọ́n dá ADET sílẹ̀, ìyẹn Agence de Développement de l'Enseignement Technique, kó máa bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ iṣẹ́, kí wọ́n má kàn gba BAC tán kí wọ́n jókòó sílé. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tó gba lisáǹsì tó tún ń wa zémidjan yóò gbà pé ètò náà nídìí.

Kódà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà wà nínú ètò. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí CQP, apá kan ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, apá kejì wà nílé-ẹ̀kọ́. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni wọ́n ti ń pàdé, olùkọ́ sì ni ẹni náà. A lè kọ́ ilé tó dára, a lè kó ẹ̀rọ tuntun kún inú rẹ̀. Tí olùkọ́ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, inú páálí ni ẹ̀rọ náà yóò wà tí eruku yóò fi bò ó.

Lokossa jìnnà

Níbo ni olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ń jáde wá lórílẹ̀-èdè wa? Lokossa ni. Níbẹ̀ ni ENSET wà, ìyẹn École Normale Supérieure de l'Enseignement Technique, tó wà lábẹ́ UNSTIM, yunifásítì Àgbómẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún BAPET àti CAPET. ENS tó wà ní Àjàṣẹ́ sún mọ́ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè, ìtàn àti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lòun ń tọ́.

Láti Pobè, ẹni tó ń lọ sí Lokossa yóò gba Sakété, Àjàṣẹ́ àti Kútọnù kọjá, kó tó wá kọjú sí Mono. Ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ní ẹrù lọ́rùn lè lọ gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ iná mànàmáná ní Pobè, ó ti ní BAPET, ó ti bí ọmọ méjì, ìyàwó rẹ̀ ń tajà lọ́jà. Ó fẹ́ lọ síwájú kó gba máásítà. Bí ètò LMD ṣe wà, lisáǹsì jẹ́ ọdún 3, máásítà ọdún 2, dókítà ọdún 3. Ọdún 2 yẹn, ọ̀nà méjì ló ní. Yálà kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kó máa wọ ọkọ̀ ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀, 200 kìlómítà ní àlọ, 200 ní àbọ̀. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún wa, irú ojú wo ni yóò fi wo àwọn ọmọ ní kíláàsì?

Tó bá wá jẹ́ « aspirant » ńkọ́? Láti ọdún 2019 ni ìjọba ti ń fi àwọn aspirants au métier d'enseignant dí àlàfo nílé-ìwé. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, àdéhùn ọdún ilé-ìwé kan ni. Ẹni tí kò dá lójú pé ibi tó wà lọ́dún yìí ni yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún méjì? Ta ni yóò tilẹ̀ yá a lówó? Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ìwé.

Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí

Àwọn kan á ní kò sí bí a ṣe lè ṣe é, pé ẹni tó fẹ́ kàwé gbọ́dọ̀ lọ síbi tí ìwé wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé pàdé ní Bucharest, wọ́n fẹnu kò lórí ètò kan tí wọ́n pè ní IFADEM. Bénin wà lára orílẹ̀-èdè 4 tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú Burundi, Haiti àti Madagascar. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Olùkọ́ kì í kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé tó lè máa kà fúnra rẹ̀, wọ́n fi ẹni tó lóye jù ú lọ tì í, wọ́n sì ń pe àwọn olùkọ́ jọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan síbi tí kò jìnnà sí wọn.

Àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe IFADEM fún, lórí bí wọ́n ṣe lè kọ́ni ní èdè Faransé. Kò dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ni ní iná, irin tàbí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ẹ̀kọ́ lè rìn wá bá olùkọ́. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ le ju ti èdè lọ. Èèyàn lè fi fóònù ka ìwé, kò lè fi fóònù nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti fọwọ́ kan nǹkan. Ǹjẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ wà nítòsí wa?

Ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa

Ó wà. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, UNA, ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Kétu àti ní Sakété. Ti Sakété ń kọ́ni ní bí a ṣe ń tọ́jú irè oko kó má bàjẹ́, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ohun tó ṣeé tà. Ní Pobè, ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922. Òun ni à ń pè ní CRA-PP lónìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ fún irúgbìn ọ̀pẹ ténéra. Ní Onigbolo, tó wà lábẹ́ Pobè níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà tí Bénin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ò lè ṣiṣẹ́ láìsí mọ́tọ̀ iná ńláńlá, láìsí ẹni tó mọ irin í jó, láìsí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ iná ìléru. Tí èèyàn bá sì gba ọ̀nà Àjàṣẹ́, IMSP wà ní Dangbo fún ìṣirò àti físíìsì, títí dé dókítà.

Ẹ wo ohun tí olùkọ́ iná yẹn lè ṣe. Iṣẹ́ ìwádìí máásítà rẹ̀ lè dá lórí ẹ̀rọ tí àwọn ìyá wa fi ń fún epo pupa: kí ló ń jẹ́ kó máa jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, ṣé iná oòrùn lè gbé e? Ó lè dá lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ gàrí kọ́ ọmọ ní mẹkáníìkì. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tó bá lọ sí Lokossa kó tó lè ṣe é. Lokossa yóò fún un ní olùkọ́ àti ìwé-ẹ̀rí, Pobè àti Sakété yóò fún un ní ẹ̀rọ àti ìṣòro tó yẹ kó yanjú.

Kí ló wá kù? Àdéhùn ni. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wọn. UNA kì í tọ́ olùkọ́ iṣẹ́ irin, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kì í ṣe yunifásítì, ibùdó ọ̀pẹ kì í fúnni ní CAPET.

Òdìkejì bọ́dà ńkọ́?

Àwọn kan nínú wa máa ń wo ìlà oòrùn, wọn ò sì jẹ̀bi. Poli Ìlaròó, tó ti wà láti 1979, ò jìnnà sí wa. Ní Akoka, Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 torí àtitọ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èdè wa ni wọ́n ń sọ lóde níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó san seefa kan, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé wa yóò ka ìwé-ẹ̀rí náà sí. Ìwé tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń wò ó bóyá ó bá tiwa dọ́gba. Kí ẹ kíyè sí àwọn yunifásítì aládàáni náà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìjọba kí lisáǹsì tàbí máásítà wọn tó ní láárí.

Ohun méjì tí wọ́n á fi ta kò wá

Èkíní: « Tí olùkọ́ bá gba máásítà tán, Kútọnù ló máa sá lọ. » Ó máa ń ṣẹlẹ̀, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé lílọ nìkan lọ̀nà àtikàwé, ẹni tó lọ, ibẹ̀ ni yóò ti gba ilé, ibẹ̀ ni yóò ti mọ èèyàn. Ẹ̀kọ́ tó bá a nílé kò ní fà á tu. Ìjọba sì lè bá a ṣe àdéhùn pé: a ó san owó ẹ̀kọ́ rẹ, ìwọ náà á ṣiṣẹ́ fún ọdún 5 ní Plateau.

Èkejì, àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń sọ ọ́: « Ṣé ìwé ló ń jó irin? » Rárá, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ irin í jó lè má mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ 40 lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì gbọ́. Ẹni tó ka ìwé gan-an náà lè má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tuntun rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, ti ìwé àti ti ọwọ́, kí wọ́n sì ka méjèèjì sí nígbà tí wọ́n bá ń gbé olùkọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́.

Kí la ní kí wọ́n ṣe?

Nǹkan mẹ́ta péré. Kí ENSET àti UNA tọwọ́ bọ̀wé, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Lokossa máa wá kọ́ni ní Sakété nígbà ìsinmi ńlá àti ní àwọn ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Kí olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan máa lo oṣù kan ní ilé-iṣẹ́ tàbí ibùdó ìwádìí ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kó sì gba ìwé tó jẹ́rìí sí i. Kí àdéhùn aspirant tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ má dópin kí ẹ̀kọ́ náà tó parí. Kò sí ilé tuntun tí a ní kí wọ́n kọ́ nínú èyí, owó ọkọ̀ àti owó ọ̀jọ̀gbọ́n ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Kì í ṣe àánú la ń tọrọ. Láti 1966 ni UNESCO àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ wà fún olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Torí rẹ̀ la ṣe ń ṣe ọjọ́ àwọn olùkọ́ ní 5 oṣù kẹwàá lọ́dọọdún. Ọjọ́ yẹn, a máa ń kí wọn, a máa ń yìn wọ́n. Ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, kí ẹ̀yin òbí fi ìbéèrè kan kún ìyìn yẹn. Tí ẹ bá ti lọ sí ìpàdé nílé-ìwé, lẹ́yìn tí ẹ bá béèrè máàkì ọmọ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn ará mairie tó bá wá pé: « Ìgbà wo ni olùkọ́ ọmọ mi lọ kọ́ nǹkan tuntun kẹ́yìn, ta ló sì sanwó ẹ̀? » Kì í ṣe láti fi dójú ti olùkọ́ o. Òun gan-an ló máa kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí lọ́pọ̀ ìgbà, àpò ara rẹ̀ ló ti ń sanwó ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. A ti ní kí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí fi iṣẹ́ wọ àwọn ọmọ wa láṣọ. Ẹ jẹ́ ká wo ọrùn tiwọn náà.