Ọwọ́ Ọmọdé Nínú Àlàfo Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí ọmọ bá kọ iṣẹ́ tí a rán an, tàbí tí àgbà bá fojú di èwe, là ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa. Lójú tèmi, ibi tí òwe náà ti kàn wá jù lónìí ni ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ ilé, èyí tí tọkọtaya ń kó ọmọ sí láti Kambolé lọ sí Tchamba ní ilẹ̀ Tógò, tí wọ́n sì ń gbà bẹ́ẹ̀ dé Sokodé.

Níwájú, awakọ̀ á fa bẹ́líìtì, á kì í bọ ihò, á dún, ó parí. Ẹ̀yìn ńkọ́? Bẹ́líìtì so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ihò tó yẹ kó gba ahọ́n irin rẹ̀ ti rì sáàárín ibi tí a ń jókòó lé àti ibi tí a ń fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí a ká ìjókòó náà kí iṣu lè ráyè ló ti rì, tàbí ìgbà tí a fi aṣọ ìjókòó tuntun bo gbogbo rẹ̀. Bàbá ki ọwọ́ bọ àlàfo náà, ìka méjì péré ló wọlé. Ọmọ ọdún méje á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fa ihò náà jáde. Kèrègbè inú òwe nìyẹn.

Pẹpẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ tìmùtìmù ni ìdí ihò náà wà, bóòlùtì ńlá ló dè é mọ́ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Àgbà ni yóò gbé tìmùtìmù sókè, tí yóò fa ihò kọ̀ọ̀kan gba ojú àyè rẹ̀ jáde kó tó dá ìjókòó padà. Bí bóòlùtì bá ti dẹ̀, kí mẹkáníìkì dè é le.

Ihò lè wà níta gbangba kó má sì gba ahọ́n. Eruku ọyẹ́, èèpo ẹ̀pà, èérún búrẹ́dì, owó ẹyọ, gbogbo wọn ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Bísáàpù tó bá dà sí i á gan bọ́tìnnì pupa mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré ta epo sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: epo á kó eruku jọ, ihò á sì tún dí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ẹni tó ń fátẹ́gùn sí táyà fi ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ ẹ jáde. Bí nǹkan dídùn ló gan síbẹ̀, aṣọ tí a fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rin díẹ̀ ni ká fi nù ún. Lẹ́yìn náà, ká ki ahọ́n bọ̀ ọ́, ká gbọ́ kó dún, ká fà á gidigidi. Ká tẹ bọ́tìnnì, kó ta jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, odidi rẹ̀ ni ká pààrọ̀ sí irú tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí a tú lára ọkọ̀ tó ti forí sọ. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ahọ́n ti àárín kì í wọ ihò ti ẹ̀gbẹ́, nítorí náà kí a má fi ipá tì í.

Ọdún 1959 ni Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí kọjá sínú ọkọ̀. Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Swídìn, ló ṣe é, ó sì fẹ́ kí ọwọ́ kan péré tó láti dè é. Níbi tí ihò bá ti rì, ọwọ́ méjì àgbà kò tó mọ́.

“Bàbá, tèmi kò dún.” “Jókòó jẹ́ẹ́, a ti fẹ́ dé.” Èsì yìí máa ń dùn mí. Òótọ́ ni pé Tchamba sí Sokodé kò ju nǹkan bí kìlómítà 40 lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá forí sọ igi, ọmọ tí a kò dè á fò síwájú bí ẹni tó já bọ́ láti orí ohun tó ga tó mítà 10, ó sì lè fi orí gbá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn orí. Ọmọ tó ní kò dún ti ṣe tirẹ̀. Àgbà ló kọ̀ láti nawọ́ sí pẹpẹ.

Bí a bá ń lọ ra tòkunbọ̀ tó gba èbúté Lomé wọlé, ká mú ọmọ kan dání. Bí a ti ń ṣí ẹ́ńjìnnì wò níwájú, kí òun jókòó sẹ́yìn, kó ki bẹ́líìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ ihò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní kò dún, kí ẹni tó ń tà á tún un ṣe kí a tó ka fáráńkì kankan fún un.