Ìbàdàn Ni Wọ́n ti Ṣe Iṣẹ́ Náà

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún ni aráyé máa ń gbọ́ orúkọ àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí ó kan ọmọ wa, Wọlé Ṣóyínká, ní ọdún 1986, tọmọdé tàgbà ni ó yọ̀. Ṣùgbọ́n Alfred Nobel, ará Sweden tí ó fi ogún rẹ̀ lélẹ̀ fún ẹ̀bùn náà, kò ya ohunkóhun sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀bùn àlàáfíà ni wọ́n fún Norman Borlaug ní 1970, nítorí irúgbìn àlìkámà tí ó sọ di púpọ̀. Ní 1986, Borlaug fúnra rẹ̀ dá ẹ̀bùn mìíràn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ń mú kí oúnjẹ aráyé pọ̀ sí i, a sì ń pè é ní World Food Prize. Ẹ̀bùn yìí kan oko ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá.

Ẹ̀yin àgbàlagbà kò ní gbàgbé kòkòrò funfun tí ó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1980. Orí ẹ̀gẹ́ ká jọ, iṣu rẹ̀ kò ta, igi rẹ̀ kò sì dára fún gbígbìn mọ́. Ẹni tí ó mọ iye ẹnu tí gàrí ń bọ́ ní ilẹ̀ wa yóò mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá ni. Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ni kòkòrò náà ti rìn dé. Ọ̀tá tí ń pa á níbẹ̀ ni kò bá a wá. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ará Switzerland ṣe olórí wọn, wá ọ̀tá náà kàn. Ní 1981 ni wọ́n rí i ní Paraguay: agbọ́n tín-ín-rín kan tí ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Wọ́n sìn ín, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọdún kan náà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi ń tú u káàkiri Áfíríkà. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀.

Ní 1995, Herren gba World Food Prize. Ó tọ́ sí i, a kò sì jowú rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé nígbà tí a dá ibùdó náà sílẹ̀ ní 1967, ilẹ̀ ni ìjọba wa fi sílẹ̀. Àwọn àjọ Ford àti Rockefeller ti Amẹ́ríkà ni ó mú owó wá. Ta ni yóò sọ pé a kò ní ọpọlọ? Akínwùmí Adéṣínà, tí ó kàwé ní Ifẹ̀, gba ẹ̀bùn kan náà ní 2017, ó sì ní kí wọ́n fi 250,000 dọ́là rẹ̀ ran àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, a ń bèèrè pé kí àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ má ṣe fọwọ́ sí ìṣirò owó ọdún kankan láìrí iye tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tiwa. Kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì bi wọ́n léèrè ní ìpàdé tí ń bọ̀.