Àlòkù Ọ̀kadà: Ṣé Kílọ́ọ̀ṣì Ni Tàbí Kábúrétọ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ilé, àlòkù ọ̀kadà ni wọ́n fi ń wá owó oúnjẹ, òun ni wọ́n fi ń kó ọjà, òun náà ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tó bá dágunlá, ìkòkò ilé á mọ̀. Ohun tó ń dunni jù ni kéèyàn ti kówó fún mẹkáníìkì pé kó tú ẹ́ńjìnnì, kí àléébù náà sì ṣì wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké kíkankíkan, àmọ́ tí ọ̀kadà kò sáré tó igbe rẹ̀, pàápàá tó bá ń gun òkè, kílọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ wò. Tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bá ń kú, tí kì í tètè sítáàtì, tàbí tí epo ń kán sílẹ̀, kábúrétọ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí.

Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹ rọra fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ rìn lófìfo ní nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà. Tí kò bá sí àyè rárá, àwọn pléètì inú rẹ̀ kò ní lè di ara wọn mú; wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á sì jóná. Tí àyè náà bá pọ̀ jù, jíà á máa le láti wọlé, ọ̀kadà á sì máa fà síwájú bí ẹ tiẹ̀ di ọwọ́ náà mú pátápátá. Èyí léwu gan-an níbi tí ọkọ̀ bá ti tò. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà nídìí ọwọ́ náà, òmíràn sì wà lápá ẹ́ńjìnnì. Wáyà tó bá ti ń já ní fọ́nrán fọ́nrán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ọ́ìlì náà. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì wà. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó lè mú kó máa yọ̀. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lára ni kẹ́ ẹ rà. Tí wáyà àti ọ́ìlì bá dára tó ṣì ń yọ̀, ó ṣeé ṣe kí pléètì ti jẹ. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u.

Kábúrétọ̀

Òun ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ní ihò tín-ín-rín, ìdọ̀tí díẹ̀ látinú kẹ́ẹ̀gì epo sì lè dí i. Tó bá ń kú nígbà tí ẹ kò fún un níná, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá dúró dáadáa, àmọ́ tó ń kọsẹ̀ nígbà tí ẹ bá fún un níná púpọ̀, ẹ wo jẹ́ẹ̀tì ńlá. Tí epo bá ń kán, ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó ń dá epo dúró kò pa dé mọ́.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Asẹ́ afẹ́fẹ́ lè ti kún fún eruku, bó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́. Tó bá funfun, epo kéré. Tó bá pọ́n bíi tíì, ó dára.

Ẹ má ṣe fi wáyà tọ ihò jẹ́ẹ̀tì, torí ó máa fẹ̀ ẹ́, ọ̀kadà á sì di ọ̀jẹ̀po. Atẹ́gùn pọ́ǹpù ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, jìnnà sí sìgá, ààrò àti jẹnẹrétọ̀, kí àwọn ọmọ má sì sí nítòsí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àlòkù

Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Tó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á lè máa fi ìṣòro ìsítáàtì àárọ̀ pa mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ sì gùn ún lórí òkè kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí mẹkáníìkì bá sì sọ pé òun pààrọ̀ nǹkan, ẹ ní kó kó ògbólógbòó rẹ̀ wá kẹ́ ẹ fojú rí i.