Kì í Ṣe Gbogbo "In" Ni "Àì"

Àṣà kan ń bẹ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa tí a kò lè máa wò níran mọ́. Olùkọ́ yóò mú ẹfun ìkọ̀wé, yóò kọ "un", "in", "dis" àti "non" sí ojú pátákó, yóò fa ìlà, yóò sì kọ "àì" síwájú gbogbo wọn. Àwọn ọmọ yóò kọ́ ọ sórí, wọn yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé àwọn ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A wí i gbangba pé ẹ̀kọ́ yìí kò pé, ó sì léwu.

Ewu náà kì í ṣe àròsọ. Ojú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́ wá, tí ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Ìlọrin, ni àwọn ọkọ̀ tí ń ru epo bẹntiróòlù ń tọ̀. "Inflammable" ni a sábà máa ń kọ sí ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé "in" ni "àì" yóò kà á pé epo náà kò lè gbiná! Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí "inflammare" ti túmọ̀ sí kí a ti iná bọ nǹkan. "In" méjì ni ń bẹ ní Látìn: ọ̀kan ń wí pé "kò", èkejì ń wí pé "nínú" tàbí "sínú", wọ́n sì jọ ara wọn bí ìbejì. Àwọn Òyìnbó pàápàá mọ̀ pé ènìyàn lè ṣìnà níbẹ̀; nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀ràn iná ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi "flammable" rọ́pò rẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930.

Níbi tí "in" bá tilẹ̀ jẹ́ "kò", ọ̀rọ̀ a máa ṣí kúrò nílé rẹ̀. Ní Látìn, "infant" ni ẹni tí kò tí ì lè fọhùn. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ọ̀dọ́mọkùnrin ogún ọdún, tí ó ti ní irùngbọ̀n, ní "infant", títí a fi yí òfin náà padà ní 1969. Ẹ wo "indifferent" pẹ̀lú. Nínú Ìwé Àdúrà ti 1662, a gbàdúrà pé kí àwọn aláṣẹ máa ṣe ìdájọ́ lọ́nà yìí, èyí ni pé láìṣe ojúsàájú. Lẹ́nu àwọn ènìyàn òde òní, ẹni tí kò bìkítà ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá fi etí òde òní gbọ́ àdúrà náà yóò rò pé Ìjọ ń tọrọ adájọ́ tí kò náání ẹjọ́. Kí ni "àì" ojú pátákó yóò ṣe sí èyí?

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ náà, àwa ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọ ti ń san owó ìtanràn bí ó bá sọ Yorùbá. Ẹ bi ọmọ kan náà ní ohun tí "ìbùkún àìníye" jẹ́. Kò ní wí láéláé pé ìbùkún tí kò sí ni. Ó mọ̀ pé ó pọ̀ ju kíkà lọ ni. Kí ló dé tí ó fi kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé "invaluable" ni ohun tí kò níye lórí? Ó mọ "aláìlẹ́gbẹ́", kò sì rò pé ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ ni. Ó mọ̀ pé bí ayé ẹnìkan kò bá sàn, a kì í tìtorí èyí pè é ní aláìsàn. Bí a bá fi èyí hàn án, yóò yé e kíá pé "disease", tí àwọn Faransé fi "dis" àti "ìrọ̀rùn" kọ́, rìn ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú "àìsàn" wa: àìrọrùn tí ó ti di orúkọ ohun kan pàtó.

Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ṣe iṣẹ́ yìí ní ìkánjú. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Bowen, tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. (Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Bowen, kì í ṣe tiwa, a kò rí ìdí tí a ó fi fi iyìn rẹ̀ dù ú.) Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá ìtumọ̀ fún, wọn kò fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí gbogbo wọn.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa yóò wí pé ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, àyè kò sí. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́ ni a ń bèèrè. Ẹni tí kò bá sì gbà, kí ó fi òfin ojú pátákó rẹ̀ ka "instruct" fún wa. Ní Látìn, kí a kọ́ nǹkan ró sínú ni. Iṣẹ́ olùkọ́ gan-an ni. Bí "in" bá jẹ́ "àì" níbi gbogbo, kí ni a ń gba owó oṣù lé lórí?