Ọ̀sán Gangan Náà Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tá a jọ lọ sí Yusufari, lókè Yobe lọ́hùn-ún, mi ò bá yín jà nítorí ìdájí. Oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀ nígbà yẹn, òjìji gùn, òkìtì yanrìn pọ́n bí epo. Ó dáa! Ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo kámẹ́rà wọ àpò lọ́sàn-án? Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ ò da. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀sán gangan, tí òjìji sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀, ni mo rí oko jéró tí yanrìn ti bò dé ọrùn. Nírọ̀lẹ́, òjìji òkìtì ti gbé e pamọ́. Àgbẹ̀ tó ni ín dúró, ó ń wò wá. Fọ́tò mẹ́wàá lẹ gbé kọ́ ògiri, oko ọ̀hún ò sí níbẹ̀. Ṣé ewì nìyẹn àbí irọ́? Mo ya mẹ́ta lọ́sàn-án. Àyè ṣì wà lára ògiri.